Ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ Kò Ṣàn: Ọ̀rọ̀ Lórí Dígí àti Ìrìn Àwọn Èérún Inú Rẹ̀

Ìtàn kan wà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ti gbọ́ rí, tí ẹ̀yin olùkọ́ pàápàá sì ti sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ìtàn náà ni pé dígí kì í ṣe ohun líle ní tòótọ́. Pé omi ni í ṣe, omi tí ó ki púpọ̀púpọ̀, tí ó sì ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsinmi. Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń mú wá ni àwọn fèrèsé ilé ìsìn àtijọ́ ní Yúróòpù. Wọ́n ní dígí fèrèsé wọ̀nyẹn nípọn nísàlẹ̀ ju òkè lọ, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà ni dígí ti ń ṣàn bọ̀ wá sísàlẹ̀.

A kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwa náà jẹ̀bi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni a ti gbọ́ ọ. A kọ ọ́ sínú ìwé, a sì fi kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ kí a tó wá sí ìdí iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú ọmọ wọ̀nyẹn ti di olùkọ́ lónìí, kí wọ́n sì máa fi àṣìṣe wa kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Irọ́ tí a pa lọ́jà lè kú sọ́jà. Ṣùgbọ́n èyí tí olùkọ́ bá kọ sára pátákó, ọmọ yóò gbé e délé, yóò sì gbé e fún ọmọ tirẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ojú ewé yìí tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Òtítọ́ tí ó wà nídìí rẹ̀ dùn ju irọ́ náà lọ, ó sì kọ́ni lọ́gbọ́n jù ú lọ. Òtítọ́ náà dá lórí bí àwọn èérún kéékèèké tí a fi dá ohun gbogbo, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní átọ́ọ̀mù àti mólékù, ṣe ń rìn. Bí ìrìn wọn ṣe ń ṣòro sí i bí nǹkan ti ń tutù. Àti bí ìrìn náà ṣe ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró tán nínú dígí.

ẸLẸ́RÌÍ WÀ NÍ IFẸ̀

Kò di ìgbà tí a bá dé Yúróòpù kí a tó rí ẹlẹ́rìí. Ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba ńlá wa ń ṣe dígí láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń yọ́ dígí tí àwọn àlejò gbé wá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń po èròjà pọ̀, tí wọ́n ń yọ́ ọ nínú ìkòkò amọ̀, tí wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 lọ níbẹ̀. Ní 2017 wọ́n fi hàn pé àdàlù èròjà tí ó wà nínú dígí Ifẹ̀ kò bá ti Yúróòpù tàbí ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu. Iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀kan nínú ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí wò. Ó ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún tí ó ju 500 lọ, iyanrìn àti amọ̀ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ ihò tí a fi ń sín in kò dí. Bí dígí bá jẹ́ omi tí ń ṣàn bí ìtàn náà ti wí, ihò kékeré bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pa dé, ìlẹ̀kẹ̀ náà ìbá sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ kò ṣàn. Ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é ṣì hàn lára rẹ̀ títí di òní.

Kí ni ti fèrèsé Yúróòpù wá jẹ́? Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe dígí láyé ìgbà náà ni ó fà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń yí dígí gbígbóná po lórí ọ̀pá títí yóò fi tẹ́ bí àwo, àwo bẹ́ẹ̀ kì í sì í nípọn dọ́gba. Ẹni tí ó bá gé e sí fèrèsé lè fi ibi tí ó nípọn sísàlẹ̀, ó sì lè fi í sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní 1998, Edgar Zanotto, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì, ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí i pé ìgbà tí dígí yóò fi ṣàn tí ojú yóò fi rí i gùn ju ọjọ́ orí ayé àti ìràwọ̀ lọ. Ní 2018 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà po irú dígí tí ó wà ní ilé ìsìn Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì wọn bí ó ṣe ki tó. Wọ́n rí i pé ní bílíọ̀nù ọdún kan, ìṣàn rẹ̀ kò lè ju ìwọ̀n kan lọ tí ó jẹ́ pé bí a bá pín ìbú irun orí kan sí nǹkan bí 80,000, ìpín kan ṣoṣo ni.

Ẹ fi èyí wé ọ̀dà dúdú. Ní Yunifásítì Queensland, ní Ọsirélíà, wọ́n gbé ọ̀dà kan sínú àrọ ní 1927. Ọ̀dà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí òòlù lè fọ́ ọ, síbẹ̀ ó ń kán. Ẹ̀kán rẹ̀ kẹsàn-án já ní 2014. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi omi tí ó dà bí òkúta han àwọn ọmọ, ọ̀dà yẹn ni kí ó fi hàn wọ́n, kí ó fi fèrèsé sílẹ̀.

OHUN TÍ BROWN RÍ NÍNÚ OMI

Kí a lè mọ ìdí tí dígí fi dúró, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìdí tí omi fi ń ṣàn. Ní 1827, Robert Brown, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì, fi ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí wo àwọn èérún tí ó jáde láti inú àtíkè òdòdó tí ó wà nínú omi. Ó rí i pé wọn kò dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ń ta síhìn-ín, wọ́n ń ta sọ́hùn-ún, láìsí ẹni tí ó ń rò wọ́n. Ó fi èérún òkúta dán an wò, èyí tí kò ní ẹ̀mí rárá, bákan náà ni ó rí.

Ní 1905 ni Albert Einstein tó ṣàlàyé rẹ̀ pé mólékù omi, tí ojú kò rí, ni ó ń kọlu èérún náà lọ́tùn-ún lósì láìsinmi. Jean Perrin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wọn ìrìn náà, ó sì fi hàn pé bí Einstein ti wí ni ó rí. Wọ́n fi Ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá ní 1926.

Ìrìn yìí náà ni ó ń mú kí ẹ̀kán aró kan tí a dà sínú abọ́ omi tí a kò rò tàn dé gbogbo abọ́. Èyí ni a ó máa pè ní ìtànkálẹ̀. Òfin kan sì wà tí a mú jáde láti inú iṣẹ́ Einstein àti ti George Stokes tí ó ṣáájú rẹ̀: bí omi tàbí òróró kan bá ti ki tó, bẹ́ẹ̀ ni ìtànkálẹ̀ inú rẹ̀ yóò ṣe lọ́ra tó. Bí kíki rẹ̀ bá di ìlọ́po 2, ìtànkálẹ̀ yóò di ìdajì. Òfin yìí dára púpọ̀, ó sì ṣiṣẹ́ nínú omi, nínú òróró àti nínú oyin. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi í sọ́kàn, nítorí a óò rí ibi tí yóò ti kọsẹ̀.

NÍGBÀ TÍ OMI BÁ KỌ̀ LÁTI DÌ

Bí omi bá tutù dé ìwọ̀n òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn mólékù rẹ̀ a fẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ilé-ìwé tí agogo òwúrọ̀ bá lù. Èyí ni ó ń di yìnyín. Ṣùgbọ́n ìtò náà nílò ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: mólékù díẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tò kí àwọn yòókù tó tò mọ́ wọn. Bí omi bá mọ́ tónítóní tí kò sí ìdọ̀tí tí wọn yóò fara tì, ó lè kọjá òdo kí ó má dì. Fahrenheit, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n ooru kan, kọ nípa irú omi bẹ́ẹ̀ ní 1724. Ẹ̀kán omi kékeré tí ó mọ́ lè tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 38 sísàlẹ̀ òdo kí ó tó dì. Àwọn kan nínú yín sì ti rí i nílé: ike omi mímọ́ tí ó wà nínú ẹ̀rọ amómidì fún wákàtí díẹ̀, tí ó ṣì jẹ́ omi nígbà tí a gbé e jáde, ṣùgbọ́n tí a kan fi ọwọ́ gbá a tí gbogbo rẹ̀ di yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ju omi lọ. Bí a bá tètè mú wọn tutù, wọn yóò kọjá ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti tò, wọn yóò sì máa ki lọ, títí wọn yóò fi le láìtò. Ohun tí ó bá le báyìí láìtò ni dígí. Kò dìgbà tí ó bá jẹ́ ti fèrèsé. Ìyá tí ó ń se bàbá dúdú ń ṣe é: ó se ṣúgà títí omi rẹ̀ fi gbẹ, ó dà á sílẹ̀, ó sì tutù kí mólékù ṣúgà tó ráyè tò bí wọ́n ti tò nínú ṣúgà oníhóró. Bàbá dúdú tí ọmọ ń fi eyín fọ́ ní ìsinmi ilé-ìwé, irú kan náà ni òun àti ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókun.

Kíki tí a ń sọ yìí kì í ṣe kékeré. Àwọn onímọ̀ fẹnu kò pé nǹkan ti di dígí nígbà tí kíki rẹ̀ bá tó ìlọ́po ti omi ní iye kan tí a óò kọ ní 1 pẹ̀lú òdo 15 lẹ́yìn rẹ̀. Mólékù tí ó ń yí ara padà ní ìgbà àìmọye láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ó gbóná, yóò gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 100 kí ó tó yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyàlẹ́nu tí ó wà níbẹ̀ nìyí. Bí a bá ya àwòrán bí àwọn mólékù ti dúró nínú ohun náà nígbà tí ó ń ṣàn, tí a sì tún yà á nígbà tí ó di dígí, àwòrán méjèèjì yóò jọra tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ èyí tí í ṣe ti ìṣáájú. Ìwọ̀nba òtítọ́ tí ó wà nínú ìtàn tí a gbọ́ nílé-ìwé nìyẹn: ní ti ìtò, dígí jọ omi. Ṣùgbọ́n ní ti ìrìn, wọn kò jọra rárá. Ẹni tí ó bá wo ìdúró nìkan yóò ṣìnà. Ìrìn ni kí á wò.

ÀGÒ TÍ ARA ÈNÌYÀN FI ṢE

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sí ìpàdé gbàgede àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú yóò tètè yé. Ní àárọ̀, nígbà tí èrò kò tíì pọ̀, ẹni tí ó fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún yóò kàn rìn lọ ni. Nígbà tí ó bá di ọ̀sán tí pápá ti kún, yóò máa fi èjìká yà. Ṣùgbọ́n nígbà tí olórí ẹgbẹ́ bá dé, tí gbogbo ayé há gádígádí, kò sí ẹni tí ó lè lọ síbì kankan mọ́. Ó lè gbọ̀n ara, ó lè gbé ẹsẹ̀ sókè kí ó sì gbé e padà síbi tí ó ti gbé e. Àwọn tí ó yí i ká ti di àgò fún un, bí àgò adìẹ. Kò sì sí ẹni tí ó kan àgò náà: òun fúnra rẹ̀ jẹ́ igi kan nínú àgò tí ó sé aládùúgbò rẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èérún inú omi tí ó tutù kọjá ààlà. Ó ń gbọ̀n nínú àgò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, lójijì, àyè yọ, ó sì bọ́ sínú àgò mìíràn. Gbogbo ìtànkálẹ̀ inú irú ohun bẹ́ẹ̀, láti ọwọ́ bíbọ́ yìí ni ó ti ń wá. Gbígbọ̀n inú àgò kò gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan.

Àlá lásán kọ́ ni èyí, wọ́n ti fi ojú rí i. Ní 2000, Eric Weeks, David Weitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n da ẹyọ ike róbótó kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá 30 nínú ìbú irun orí lọ, sínú òróró títí wọ́n fi há mọ́ra. Ẹyọ ike wọ̀nyí tóbi tó tí maikirosikóòpù fi lè tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń hùwà bí mólékù. Nígbà tí ike kó nǹkan bí ìdá 58 nínú 100 àyè tí ó wà, wọ́n di dígí. Àwọn onímọ̀ náà rí àgò, wọ́n rí bíbọ́ láti inú àgò. Wọ́n sì rí ohun kan sí i: àwọn tí wọ́n rìn jù kò fọ́n ká. Wọ́n ṣù pọ̀ lójú kan, nígbà tí àwọn tí wọ́n wà níbòmíràn kò mira.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rìn pọ̀? Iṣẹ́ tí Sharon Glotzer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣe ti sọ ọ́ ní 1998. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé ìrìn èérún 8,000, wọ́n sì rí i pé àwọn tí wọ́n ń yára jù ń tò tẹ̀ lé ara wọn bí okùn: ọ̀kan ṣí, èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ sí àyè rẹ̀, ẹ̀kẹta bọ́ sí ti ẹ̀kejì. Ta ni kò tíì rí i ní ìpàdé gbàgede? Ẹnì kan ṣíwájú, ẹ̀kejì fọwọ́ lé e léjìká, ẹ̀kẹta di aṣọ ẹ̀kejì mú, okùn ènìyàn náà sì la èrò kọjá. Ẹni tí ó bá ní òun yóò dá a là, ibi tí ó wà ni yóò wà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ohun náà ti ń tutù sí i ni ó ń gba èérún púpọ̀ sí i kí wọ́n tó lè jùmọ̀ ṣí. Gerold Adam àti Julian Gibbs ti rò ó bẹ́ẹ̀ láti 1965, kí ẹ̀rọ kankan tó fi í hàn.

IBI TÍ ÒFIN ÀTIJỌ́ TI KỌSẸ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ ni a fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí apá yìí jù lọ. Bí alábòójútó ilé-ìwé bá gbọ́ pé nígbà tí a pín máàkì kíláàsì kan dọ́gba, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní 50, kí ni ó mọ̀? Ó lè jẹ́ pé gbogbo ọmọ gba 50. Ó sì lè jẹ́ pé ìdajì gba 90, ìdajì yòókù gba 10. Máàkì kan náà ni, kíláàsì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan náà tún méjèèjì ṣe yóò ba ọ̀kan jẹ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òfin Einstein àti Stokes nìyẹn. Òfin náà gbà pé èérún gbogbo ń rìn bákan náà. Nínú omi gbígbóná, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ó ń sún mọ́ dígí, ibi kan ń yára, ibi kejì há. Kíki àti ìtànkálẹ̀ kò sì wá gbára lé ẹnì kan náà mọ́. Bí ẹ bá bi wá pé ìgbà wo ni pápá ìpàdé yóò ṣófo, àwọn tí wọ́n há sáàárín ni ó ni ìdáhùn. Bí ẹ bá bi wá pé ìgbà wo ni ìròyìn ìpàdé náà yóò dé ìlú kejì, ẹni tí ó kọ́kọ́ ráyè jáde ni ó ni ìdáhùn. Àwọn tí wọ́n lọ́ra ni wọ́n ń sọ bí nǹkan yóò ṣe ki tó. Àwọn tí wọ́n yára ni wọ́n ń gbé ìtànkálẹ̀.

Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní orthoterphenyl, tí ó ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 56, ṣùgbọ́n tí a lè mú tutù láìtò títí yóò fi di dígí ní nǹkan bí ìwọ̀n 27 sísàlẹ̀ òdo. Ní 2006, Mark Ediger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wisconsin wọn ìtànkálẹ̀ mólékù rẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó di dígí. Ìtànkálẹ̀ náà yára ju bí òfin àtijọ́ ti wí lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 100.

Kì í sì í ṣe pé mólékù tí ó yára lágbára ju èyí tí ó lọ́ra lọ. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí àti àwọn tí ó yí i ká ni ó fa ìyàtọ̀. Bí ìgbà ti ń lọ, ibi tí ó há yóò tú, ibi tí ó tú yóò há. Ẹni tí ó há sáàárín pápá ní ọ̀sán lè bá ara rẹ̀ létí ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́.

ÈRÈ TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Àwọn kan yóò bi wá pé kí ni èyí kàn wọ́n. Ó kàn wọ́n ní àpò. Dígí ojú fóònù ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n ti rì sínú iyọ̀ pọtáṣíọ̀mù yíyọ́ tí ó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 400. Níbẹ̀, àwọn èérún ńláńlá tí ó di dígí náà mú kò lè rìn, ṣùgbọ́n èérún sódíọ̀mù kékeré ń rìn láàrin wọn. Sódíọ̀mù jáde, pọtáṣíọ̀mù tí ó tóbi jù ú lọ wọlé sí àyè rẹ̀, ó sì há ojú dígí náà mọ́ra, kí ó má baà tètè là. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìrìn ni ó tán nínú dígí. Àgbà ti jókòó, ọmọdé ṣì ń sáré láàrin ẹsẹ̀ wọn.

Ó kàn wọ́n ní ti oògùn. Àwọn oògùn kan wà tí wọn kì í tètè yọ́ nínú ikùn bí mólékù wọn bá tò lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn aṣoògùn a sì sọ wọ́n di dígí kí wọ́n lè yọ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ooru tàbí ọ̀rinrin, àgò tú, mólékù rìn, wọ́n tò padà, oògùn kò sì ní ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ mọ́. Ẹni tí ó bá ń tà oògùn nínú oòrùn lọ́jà kò lè fi ojú rí ohun tí ó ń bàjẹ́. Nígbà tí a bá kọ ọ́ sára páálí pé kí a fi í síbi tútù tí ó gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á sí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Bàbá dúdú kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí kan náà. Ẹ fi í sílẹ̀ láìbò nígbà òjò, ẹ óò rí i pé yóò rọ̀, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó wọlé sáàárín mólékù ṣúgà, tí ó fún wọn ní àyè láti rìn. Kò sí ìdánwò tí ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún kíláàsì kan.

Kí a má baà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ ti parí: ìjà ṣì wà láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé lórí ohun tí ó mú kí ìrìn náà há tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ìtò tí ó fara sin ni. Àwọn kan ní inú ìrìn fúnra rẹ̀ ni ìdí rẹ̀ wà. Ní 1995, Philip Anderson, tí ó ti gba Ẹ̀bùn Nobel, ka ọ̀rọ̀ dígí mọ́ èyí tí ó jinlẹ̀ jù nínú àwọn ìṣòro tí a kò tíì yanjú nínú ìmọ̀ ohun líle. Giorgio Parisi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, gba ẹ̀bùn kan náà ní 2021 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn ohun tí kò tò, èyí tí dígí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìṣòro náà ṣì ń dúró de ẹni tí yóò tú u. Kí ló dé tí ẹni náà kò fi lè jẹ́ ọmọ Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ṣe dígí nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú kò mọ̀ ọ́n?

Ọ̀RỌ̀ WA SÍ ÀWỌN OLÙKỌ́ ÀTI ÀWỌN OLÓṢÈLÚ

Ẹ̀yin olùkọ́, ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ẹ bá ti kọ́ àwọn ọmọ pé omi ni dígí, bí àwa náà ti ṣe, ẹ dìde lọ́la níwájú kíláàsì kí ẹ sọ pé ẹ ṣì í. Olùkọ́ tí ó jẹ́wọ́ àṣìṣe kò dójú ti ara rẹ̀. Ó ti kọ́ ọmọ ní ohun tí kò sí nínú ìwé. Lẹ́yìn náà ẹ gbé bàbá dúdú kan kalẹ̀, ẹ gbé abọ́ omi àti ẹ̀kán aró kan kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ há ara wọn mọ́ igun kíláàsì, kí ẹnì kan sì gbìyànjú láti jáde. Ohun tí ọmọ bá fi èjìká ara rẹ̀ mọ̀, kì í gbàgbé rẹ̀.

Ẹ sì sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àgò, okùn, èrò, gádígádí: ọ̀rọ̀ ìyá wa ni gbogbo wọn, wọ́n sì tó láti gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ń jà lé lórí.

Ẹ̀yin aṣáájú àti ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo, Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní 1955, a sì ń fi í yangàn títí di òní. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ilé-ìwé tí a ṣí nìkan kò tó. Ilé-ìwé tí kò ní maikirosikóòpù kan ṣoṣo, ìtàn àtẹnudẹ́nu ni yóò máa kọ́ ọmọ, nítorí kò sí ohun tí olùkọ́ yóò fi dán an wò. Nígbà tí àwọn olùtọrọ ìbò bá tún dé gbàgede yín, tí èrò sì há mọ́ra, kí ẹ bi wọ́n pé maikirosikóòpù mélòó ni wọn yóò gbé wọ ilé-ìwé àdúgbò yín.

Ní tiwa, a ti san gbèsè wa. A sọ fún àwọn ọmọ kan nígbà kan rí pé dígí ń ṣàn. Kò ṣàn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó bá ka èyí, kí ó dárí jì wá, kí ó sì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.